Ìkúùkù

Ní Grimsby, òkun kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni.
Atẹ́gùn rẹ̀ a máa wọlé láìkanlẹ̀kùn,
a jókòó lórí àga bí ẹni tó ń san owó ilé.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́.
Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Stamper.
Fóònù iléeṣẹ́ ló ń kà á, èmi kọ́.
Ó ní: Ṣé ó ti jẹun? Tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní: Ṣé ẹ ti wẹ̀ ẹ́? Tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní: Ṣé inú rẹ̀ dùn? Tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Kò sí ibi tí a ó ti tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́.
Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kejì kò ní í ṣí.
Bí ojú ìwé kejì kò bá ṣí, o kò tíì kúrò níbẹ̀.
Bí o kò bá tíì kúrò níbẹ̀, o kò lè dé ọ̀dọ̀ Màmá Pettifer,
bí o tilẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, tí ó ń pè ọ́ lórúkọ.

Lánàá, ó kọ oúnjẹ.
Ẹja inú agolo ni wọ́n ní kí n gbé fún un,
fún ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún fa àwọ̀n lójú òkun oníyìnyín!
Ó wò ó. Ó yíjú sí ògiri.
Mo pe ọ́fíìsì. Donna ní, "Kàn tẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi,
gbogbo wa la máa ń tẹ̀ ẹ́."
Èèyàn burúkú kọ́. Ó ti rẹ òun náà.

Gbádébọ̀ ọmọ Ìkirè, tó ń fi ọkọ̀ gbé wa kiri,
rẹ́rìn-ín sí mi nínú díńgí:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹni bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a di ìkúùkù.
Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ tún Ìlú Ọba ṣe ni?"
Mo dákẹ́. Wọn kò kọ́ mi kí n máa bá òwe jiyàn.
Ṣùgbọ́n òwe náà bá mi délé, ó bá mi wọ ibùsùn.

Mo na ọwọ́ mi sábẹ́ iná. Mo dì í. Mo tú u.
Ìkúùkù kò lè ya irun arúgbó,
kò lè nu omijé.
Kí ó lu èèyàn, kí ó fi nǹkan pamọ́: iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn.
Àti pé, ta ló tilẹ̀ bi adẹ́tẹ̀ léèrè?
Láti ìgbà tí òwe yìí ti ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu,
ta ló wọ ìlú náà, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká kí yín?"
Bóyá ìkúùkù wa ló ń dùn wọ́n jù.
Bóyá ọwọ́ tó là ni wọ́n ti ń retí.

Lónìí mo da ojú fóònù dé orí tábìlì.
Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́.
Ọwọ́ òsì Ọ̀gbẹ́ni Stamper ti dì láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti dé;
ìka kan ti bá okùn ọkọ̀ lọ,
mẹ́rin tó kù wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ìṣó.
Mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ṣí lẹ́tà tí kò fẹ́ kó ya.
Ó ń rùn. N kò ní í fi òdòdó bò ó: ó ń rùn.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ló wà níbẹ̀.
Mo fọ̀ ọ́. Mo nù ún. Mo fi òrí pa á.
Ó jẹ ààbọ̀ búrẹ́dì.

Fóònù ń ké, ó ń tan iná pupa. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.
Wọn yóò yọ ọ́ nínú owó mi, mo mọ̀.
Màmá Pettifer ń wo ojú fèrèsé, mo mọ ìyẹn náà,
n kò sì ní àwáwí.
Ṣé inú rẹ̀ dùn?
Mo bi í.
Ó ronú títí.
"Ọwọ́ mi," ó ní, "ọwọ́ mi gbóná."
Mo wá ibi tí mo lè tẹ ìyẹn sí.
Mo wọ kóòtù mi.